Ẹ̀ṣẹ́ Ìdájí

Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ní Onírèké wú mi lórí gan-an. Kí ọmọ tó jí múra ilé-ìwé, bàbá ti ń fi báńdéèjì di ọwọ́: ó yí i ká ọrùn ọwọ́, ó gbà á láàárín ìka, ó wá dì í le. Bí ìyàwó bá ní iṣẹ́ òwúrọ̀, ìdánrawò di ìrọ̀lẹ́ nìyẹn. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ilé ló ṣáájú.

Dick Tiger, akànṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà, náà fi iṣẹ́ pọ̀ mọ́ ẹ̀ṣẹ́. Ní Liverpool, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ọ̀dà, ó sì tún ń kan ẹ̀ṣẹ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1963, ní pápá Liberty n'Ìbàdàn níbí, ó lu Gene Fullmer, akànṣẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, débi pé Fullmer kò lè jáde fún abala kẹjọ.