Ìyẹ́ Adìẹ Nínú Ẹ̀kọ

Ọ̀sà ló wà láàárín Ìgbògbò tiwa àti Lẹkki, níbi tí gálárì oníṣẹ́ ọnà Nike Davies-Okundaye wà. Ní 1983 ló dá ibùdó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àdìrẹ.

Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹni tó ń ya bátànì gbọ́dọ̀ ti mọ ohun tí aró máa ṣe sí i. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n ń tì bọ ẹ̀kọ láfún, wọ́n á fi yàwòrán sí ojú kan aṣọ funfun. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní mu ún. Bí ẹ̀kọ bá ṣàn jù, ìlà bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ wo bátànì tí wọ́n ń pè ní “Ìbàdàn Dùn”: òpó gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, ló tò síbẹ̀, tí ṣíbí sì wà láàárín wọn. Ẹ ò rí i pé odidi ìlú ni wọ́n kó sórí ìró!

Àwọn ọkùnrin Abẹ́òkúta gé bátànì sára páànù, wọ́n ń ti ẹ̀kọ gba ojú rẹ̀, kí aṣọ púpọ̀ lè jọra. Ó yá lóòótọ́. Síbẹ̀, ìlà tí ọwọ́ ìyá kan ti gbọ̀n díẹ̀ ni èmi fẹ́ràn jù.