Ìpàdé Onírinṣẹ́ ní Ouagadougou

Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ a máa pàdé nídìí oúnjẹ alẹ́, wọ́n á bọra lọ́wọ́, wọ́n á pín káàdì. Kò burú. Ṣùgbọ́n tèmi ni Ouagalab, ibùdó àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ẹ̀rọ, tí Gildas Guiella àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Ouagadougou lọ́dún 2011. Irinṣẹ́ ló ń so èèyàn pọ̀ níbẹ̀: ẹnìkan tan iná tọ́ọ̀ṣì sí inú kọ̀ǹpútà, ẹlòmíràn ń tú síkúrù. Ta ló fẹ́ ráyè gbéra ga? Irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ ló bí W.Afate ní WoeLab, irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ní Lomé, Togo, lọ́dún 2013: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D tí Afate Gnikou fi ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà àkódànù ṣe. Bí ebi bá dé, òkèlè tô àti ọbẹ̀ ilá kò wọ́n ní Ouaga. Kí kálukú ṣáà fọ gíríìsì ọwọ́ rẹ̀ ná.