Ọwọ́ Tó Rán Aṣọ Akọni

Ẹwà aṣọ akọni inú ìtàn kò sí nínú owó tí a ná lé e. Inú ọwọ́ tó rán an ló wà. Ní 1939, níbi ìpàdé àgbáyé àkọ́kọ́ ti àwọn olólùfẹ́ ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì ní New York, Myrtle Douglas àti Forrest Ackerman wọ aṣọ ayé ọjọ́ iwájú. Myrtle ló rán méjèèjì.

Àwọn kan á ní eré ọmọdé ni rírán irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo iṣẹ́ inú rẹ̀ ná: ẹni tó ń ṣe ìhámọ́ra yóò gé fóòmù, yóò fi ooru tẹ̀ ẹ́ kó lè bá àyà àti èjìká mu, yóò lẹ̀ ẹ́ pọ̀, kó tó kùn ún bí irin. Bí ìwọ̀n bá yẹ̀ díẹ̀, apá kò ní ṣeé gbé sókè. Olówó lè ra èyí tó ti wà nílẹ̀, kò burú; àmọ́ aṣọ tí a kò wọ̀n mọ́ni kì í fara pamọ́ nínú fọ́tò. Nítorí náà, kí ẹ tó ra ọ̀ṣọ́ kankan kún un, ẹ wọ̀ ọ́ jókòó, ẹ fi gun àtẹ̀gùn, kí ẹ sì tún ibi tó bá fún ṣe.