Ẹnu Ni Ti Olórin, Ohùn Ni Ti Ìka

Nínú gbogbo irinṣẹ́ tí ó wà ní yàrá tí mo ti ń gba ohùn àwọn olórin sílẹ̀, kò sí èyí tí mo fẹ́ràn tó vocoder, ẹ̀rọ tí í mú kí dùùrù la ẹnu sọ̀rọ̀, tí í sì í sọ ohùn ènìyàn di ohùn irin tí ó ní ẹ̀mí nínú. Homer Dudley ará Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ Bell Labs, ni ó ṣe é kí ọdún 1940 tó dé, kì í sì í ṣe nítorí orin, bí kò ṣe kí ọ̀rọ̀ tẹlifóònù lè gba inú wáyà tóóró kọjá; ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di 1974, àwọn Kraftwerk ti ilẹ̀ Jámánì ti gbé e wọ inú orin wọn, Autobahn.

Ẹ̀rọ náà a máa pín ohùn ẹni tí ń sọ̀rọ̀ sí ìpele ìpele, láti orí èyí tí ó rinlẹ̀ jù títí dé orí èyí tí ó han jù. Bí ìpele kọ̀ọ̀kan bá sì ti lágbára tó ni yóò ṣe ṣí ọ̀nà sílẹ̀ tó fún ohùn kíbọ́ọ̀dù. Nípa báyìí, ẹnu olórin ni ó ń pe ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìka ni ó ń gbé ohùn sókè, tí ó sì ń mú un wálẹ̀. Ibí yìí ni orí mi ti ń wú, nítorí ìdàkejì iṣẹ́ ọmọ Àyàn tí ń lu dùndún gan-an ni: Àyàn Àgalú, igi tí ń fọhùn láìlẹ́nu, mú ohùn ọ̀rọ̀, ó fi ẹnu sílẹ̀; vocoder mú ẹnu, ó fi ohùn sílẹ̀ fún ìka.

Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ náà ṣe orin Yorùbá, orí ohùn kan ṣoṣo ni mo tẹ ìka mọ́. Olórin wí pé “ọkọ̀ mi ti dé”. “Ọkọ mi” ni ẹ̀rọ gbé jáde, ìyá mi tí ó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn sì béèrè pé ọkọ ta ni. Ó dùn mí dé ọkàn. Láti ìgbà náà, mo ń kọ àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀ kí n tó fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù: re, dò, re, re, mí. Níbi tí ohùn ìsàlẹ̀ bá sì ti tẹ̀lé ti òkè, bí ti Báyọ̀, ń ṣe ni mo ń rọra yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbẹ́ kíbọ́ọ̀dù kí ohùn lè yọ̀ wálẹ̀.

Auto-Tune, ètò kọ̀ǹpútà tí ń fa ohùn olórin tí ó bá ṣì sí ibi tí ó yẹ, tí ó jáde ní 1997, ni ọ̀pọ̀ ń lò lónìí, n kò sì kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá yí i dé ibi tí ó yá jù, gbogbo yíyọ̀ ohùn Yorùbá ni yóò gé dànù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó ti onídùndún.