Òǹkàwé Tí À Ń Kà

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni èdè Yorùbá fi ń pe iṣẹ́ méjì: à ń ka ìwé, à sì ń ka owó. Ti owó ni mo gbà pé ó ṣáájú, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa ti ń ka owó ẹyọ kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí àlùfáà Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1859, owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ ka ìròyìn ní láti kọ́kọ́ ka ọgọ́fà owó ẹyọ sílẹ̀. Ohun tí Townsend ń fẹ́ ni pé kí ìwé kíkà mọ́ àwọn ará Ẹ̀gbá lára, kí wọ́n lè máa ti inú ìwé wá ìmọ̀ fúnra wọn. Kò sí ohun tí ó lè mú un rò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹni tí ó ni ìwé ìròyìn ni yóò máa ka owó fún ẹni tí ń kà á.

Ọjọ́ náà dé ní ilẹ̀ Ṣáínà. Lọ́dún 2016 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Qutoutiao sílẹ̀ ní Shanghai. Áàpù orí fóònù ni, tí ń kó ìròyìn àti àpilẹ̀kọ onírúurú ènìyàn jọ sójú kan. Kì í ṣe àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú ńlá ni ó ń wá, bí kò ṣe àwọn ará ìlú kéékèèké tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìròyìn mìíràn kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Ìlérí kan ni ó fi fà wọ́n: bí o bá kà, a ó sanwó fún ọ. Owó wúrà ni wọ́n pe ohun tí òǹkàwé ń gbà, ṣùgbọ́n wúrà ọ̀hún kò ju nọ́ńbà ojú fóònù lọ, ilé-iṣẹ́ náà ni ó sì ń sọ iye tí yóò jẹ́ bí a bá fẹ́ sọ ọ́ di yuan. Táṣẹ́rẹ́ ni. Ẹni tí ó bá mú ẹlòmíràn wọlé yóò tún rí nǹkan gbà lórí onítọ̀hún. Ọ̀gá àti ọmọ-iṣẹ́ ni orúkọ tí wọ́n fún àjọṣe yìí, ó sì yà mí lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ àti gbẹ́nàgbẹ́nà ni, tí ọmọ-iṣẹ́ yóò fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ọwọ́ ọ̀gá kí ó tó mọ nǹkan ṣe. Òun ni wọ́n wá fi sọ̀rọ̀ ẹni méjì tí èkíní kò kọ́ èkejì ní ohunkóhun ju ibi tí yóò tẹ̀ lójú fóònù lọ.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ yìí wọ ọjà ìdókòwò Nasdaq ní Amẹ́ríkà, ó sì kó nǹkan bíi dọ́là mílíọ̀nù 84 jọ. Lọ́dún kan náà, owó tí ó wọlé fún un tó nǹkan bíi yuan bílíọ̀nù 3, àdánù rẹ̀ sì súnmọ́ bílíọ̀nù 2. Ta wá ni ń sanwó fún òǹkàwé? Àwọn tí ń polówó ọjà ni, pẹ̀lú àwọn tí ó dókòwò. Ti ìpolówó kì í ṣe tuntun. Nígbà tí Benjamin Day gbé The Sun jáde ní New York lọ́dún 1833, sẹ́ńtì 1 ni ó ń tà á, nígbà tí àwọn mìíràn ń gba sẹ́ńtì 6. Owó ìpolówó ni ó fi dí ihò tí ó kù. Láti ìgbà náà ni òǹkàwé ti di ọjà láìmọ̀. Ohun tí Qutoutiao fi kún un ni pé ó ń fún ọjà náà ní díẹ̀ nínú owó tí ó tà á. Ẹni tí ó fún adìẹ ní ọkà lójú ọ̀nà ọjà kò ṣe é níkà, ṣùgbọ́n ọjà náà ni ó ń gbé e lọ.

Mo fẹ́ kí a yé ara wa. N kò lòdì sí i pé kí a fi owó tan ènìyàn sí ìwé kíkà. Bàbá tí ó fún ọmọ rẹ̀ ní kọ́bọ̀ kí ó lè ka orí kan nínú Bíbélì kò ṣe ohun tí ó burú, nítorí bí ọmọ náà bá kà á tán, bàbá yóò béèrè pé, “Kí ni o rí níbẹ̀?” Ìbéèrè yìí gan-an ni áàpù kò lè bi ẹnikẹ́ni. Fóònù kò rí ọkàn. Ìka ni ó ń rí. Ó mọ bí ìka ti ń fa ojú-ewé sókè, ó sì mọ iye ìṣẹ́jú tí ojú-ewé fi wà ní ṣíṣí. Kò pẹ́ tí òǹkàwé yóò fi mọ̀ pé ìka òun ni wọ́n ń sanwó fún, yóò sì jẹ́ kí ìka náà ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti rí èyí rí. Lọ́dún 1999, ilé-iṣẹ́ AllAdvantage ń san sẹ́ńtì 50 ní wákàtí kan fún ẹni tí ó bá gba ìpolówó láyè lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ bí ó ti ń lo íntánẹ́ẹ̀tì. Kíá ni àwọn kan ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí ń sún atọ́ka kiri fúnra rẹ̀, kí ó lè dà bí ẹni pé ènìyàn jókòó síbẹ̀. Lọ́dún 2001 ni ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé. Olè ni àwọn kan pe àwọn ẹlẹ́tàn yìí. Lójú tèmi, àwọn ni àdéhùn náà yé jù lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn mí jù kò sí nínú ẹ̀tàn. Ẹni tí ó ka ọgọ́fà owó ẹyọ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ẹ̀tọ́ kan: bí ìròyìn bá jẹ́ irọ́, ó lè bínú, ó lè ní kò tó owó òun. Ẹni tí a sanwó fún láti kà kò ní ẹnu yẹn mọ́. Irọ́ tàbí òótọ́, òwò ti parí. Kò yà mí lẹ́nu, nígbà náà, pé òfófó àti àwàdà ni ó gba ojú-ewé Qutoutiao, tàbí pé ní oṣù keje ọdún 2020 ni tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ṣáínà tú àṣírí àwọn ìpolówó ẹ̀tàn tí ń lọ lórí rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ni ó pariwo. N kò gbọ́ ariwo láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń gba owó wúrà.

Èmi kò ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Nílẹ̀ wa níhìn-ín, mo mọ irú ètò bẹ́ẹ̀ kan tí ó ń gba náírà 1,600 lọ́wọ́ ènìyàn nígbà kan rí kí ó tó lè forúkọ sílẹ̀ láti máa gbowó ìròyìn kíkà, àwọn tí ó jáde yunifásítì tí wọn kò ríṣẹ́ sì san án. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìròyìn náà kò sì wọ̀ ọ́.

Títí di òní, bí ẹ bá kọjá nídìí àtẹ oníwèé-ìròyìn láàárọ̀, ẹ ó rí àwọn ọkùnrin tí wọ́n dúró, tí wọ́n kẹ́yìn sọ́nà, tí wọ́n ń ka àkọlé láìsan kọ́bọ̀. A máa ń fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà pé ẹgbẹ́ akàwé-lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n. Ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ gbọ́ wọn. Ọ̀kan yóò ní irọ́ ni gómìnà ń pa. Èkejì yóò ní oníròyìn gan-an ni òpùrọ́. Oníwèé yóò ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ọjà òun. Nígbà tí àríyànjiyàn náà bá wá le tán, ẹnìkan nínú wọn yóò ki ọwọ́ bọ àpò, yóò fi owó díẹ̀ lé oníwèé lọ́wọ́, kí ó lè jẹ́ kí òun ṣí ojú-ewé kejì wò.