Opó àti Lémọ́mù nínú Ìwé Mariama Bâ

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ìwé tí mo fẹ́ yẹ̀ wò yìí. Une si longue lettre ni orúkọ rẹ̀, ó jáde ní 1979. Mariama Bâ, obìnrin Mùsùlùmí ará Senegal, ló kọ ọ́. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Noma, ní 1980. Ó kú ní 1981. Àwọn aáfà kan gbọ́ pé ìwé náà sọ̀rọ̀ lórí níní ju ìyàwó kan lọ, ni wọ́n bá pè é ní ìwé kèfèrí. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀.

Ramatoulaye tó jẹ́ tíṣà wà nínú opó, ó ń kọ̀wé sí Aissatou ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọdún 25 ló lò lọ́dọ̀ Modou, ó bí ọmọ 12 fún un, kí Modou tó lọ fẹ́ Binetou, ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀. Yìgì ti so tán kí ìyáálé tó gbọ́. Láti ọjọ́ náà Modou kò padà sílé mọ́. Kò kọ̀ ọ́, kò sì ṣe ọkọ rẹ̀. Ṣé ẹ rí i, ohun tí Suratu Nisāi āyah 129 kọ̀ fún wa gan-an nìyí.

Ta ló wá jíṣẹ́ ìyàwó tuntun? Tamsir arákùnrin Modou, Mawdo ọ̀rẹ́ rẹ̀, àti Lémọ́mù. Wọ́n ní àmúwá Ọlọ́hun ni. (Ó ti pẹ́ tí a ti ń fi kádàrá bo ohun tí ọwọ́ ara wa ṣe.)

Ibi tó ká mi lára jù ni ẹ̀yìn àdúà ogójì ọjọ́ Modou. Àwọn mẹ́ta yìí kan náà tún wọlé. Tamsir là á mọ́lẹ̀ pé tí Ramatoulaye bá ti jáde opó, òun ni yóò ṣú u. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: oṣù 4 àti ọjọ́ 10 ni opó, ogójì ọjọ́ kò tíì tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Bakọra 235 ní a kò gbọdọ̀ dá ọ̀rọ̀ yìgì pọ̀ kí àsìkò náà tó pé. Nisāi 19 sì ní kò tọ́ ká fi tipátipá jogún obìnrin. Ramatoulaye kọ̀ jálẹ̀. Ó sọ ọ́ lójú Tamsir pé àwọn ìyàwó rẹ̀ ló ń fi aró, èso àti ẹ̀rọ ìránṣọ gbọ́ bùkátà ilé rẹ̀. Lémọ́mù wá bínú. Àbí ta lẹ rò pé ó bá wí? Opó ni! Ẹni tó rú òfin opó jókòó síbẹ̀, kò sọ nǹkan kan sí i. Níbi tí Lémọ́mù ti dákẹ́, obìnrin yìí ló dúró ti òfin.

Kì í ṣe pé ó kórìíra ọkùnrin. Aṣòfin tó ń jẹ́ Daouda Dieng, èèyàn gidi, fẹ́ ẹ. Ó kọ̀ ọ́ nítorí pé onítọ̀hún níyàwó nílé, kò sì fẹ́ kí obìnrin mìíràn jẹ irú ìyà tí òun jẹ. Àwọn òǹkàwé púpọ̀ ń yin Aissatou tó kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde nílé ọkọ. Lójú tèmi, ti Ramatoulaye le jù.

Àbùkù ìwé náà ni Binetou. Ìyá rẹ̀ ń sá fún ìṣẹ́, ó tì í sínú yìgì náà. Wọ́n yọ ọ́ nílé ẹ̀kọ́, wọ́n ń ka owó fún un lóṣooṣù bí ẹni gba owó iṣẹ́. Òun ni wọ́n fìyà jẹ jù, síbẹ̀ ohun tí Daba ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìkan la fi mọ ọkàn rẹ̀.