Ẹni Tó Ń Ka Àkọsílẹ̀ Ẹ̀rọ

Mo kan sáárá sí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó ń ka àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ní Mọ́níyà tàbí Ẹgbẹ́dá, bí kọ̀ǹpútà Linux bá gba ọ̀rọ̀ aṣínà tán, tó tún dá èèyàn padà sẹ́nu ọ̀nà, ọ̀pọ̀ á ní ká pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ká tún un tò. Iṣẹ́ ọdún mélòó ló ń bá a lọ! Ọ̀jáfáfá á tẹ Ctrl, Alt àti F3 pọ̀, á wọlé lójú dúdú tí ọ̀rọ̀ nìkan wà, á pe àṣẹ journalctl -b tó ń fi àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ hàn. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń rojọ́ ara rẹ̀, pẹ̀lú aago. Dísíìkì lè ti kún, tàbí kí fáìlì .Xauthority ti bọ́ sọ́wọ́ root, ìyẹn ọ̀gá ẹ̀rọ, nítorí sudo tí a ṣì lò. Àṣẹ chown kan péré, tó ń dá fáìlì padà fún ẹni tó ni ín, ló ń yanjú ti fáìlì yẹn, láìsọ fáìlì oníbàárà kankan nù.